Ẹni Tó Ń Pè Nínú Oko Ìrẹsì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bi í pé ṣé ó ti dé Básírì ní Adó-Èkìtì rí, nílé kékeré kan tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ilé náà ṣì wà. Àwọn méjì tó ń gbé inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, bó bá jẹ́ pé méjì náà ni wọ́n. Ó ṣẹlẹ̀, kò sì tíì pẹ́ tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni Monínúọlá, tí ìyá rẹ̀ máa ń fi oríkì pè ní Àṣàkẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìgèdè lójoojúmọ́ iṣẹ́. Èkejì ni ìyá rẹ̀, opó, ọmọ Ìgbẹ́mọ, Àládùúrà paraku, tó ń ta ìrẹsì ìlú rẹ̀ níwájú ilé. Ìyá yìí ní àṣà kan tí kì í yẹ̀. Bó bá jí, kò ní kí ẹnikẹ́ni, kò ní bu omi sẹ́nu, àfi kó kọ́kọ́ wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, kó rọ́ àlá tó lá fún un. Monínúọlá á gbọ́ tán, á ní, "Ọlọ́run á sọ ọ́ di rere." Ìyá á ṣe àmín, wọ́n á ka sáàmù kan, ó parí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí bàbá ti kú. Àlá náà kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú yàrá. Ìyá gbà pé àlá tí ẹni méjì bá jọ gbé síwájú Ọlọ́run ti ní olùtọ́jú, àmọ́ tó bá bọ́ sétí èrò, olúkúlùkù ni yóò máa fà á síbi tó bá wù ú.

Àlá kan wà tó máa ń padà wá. Ìyá á rí ara rẹ̀ lọ́mọdé, nínú oko ìrẹsì bàbá rẹ̀ ní Ìgbẹ́mọ, níbi tí wọ́n fi í sí pé kó máa lé ẹyẹ. Ilẹ̀ á máa ṣú lọ. Àwọn ẹyẹ á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé ìrẹsì kan kò ní mì. Ẹnìkan á wá fi oríkì pè é láti òdìkejì oko: "Àbẹ̀kẹ́, wá ká lọ ulé." Bí àwọn ará Ìgbẹ́mọ ṣe ń pe ilé ló ṣe ń pè é. Ohùn náà dùn, ó sì dà bíi pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dúró. Ìyá kò rí ojú rẹ̀ rí, kò sì dá a lóhùn rí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá pè é tí kò rí ojú rẹ̀, kó má ṣe jẹ́ ìpè náà, òun náà sì kọ́ Monínúọlá bẹ́ẹ̀. Á kàn di ẹnu mú títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ibí ni fíìmù ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Monínúọlá, pẹ̀lú bó ṣe dàgbà tó, fẹ́ràn fíìmù àwọn ará Jàpáànù kan bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn súìtì. Akọni kan wà nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń lá àlá burúkú, akọni yìí á wọ ẹ̀wù irin tó ń dán, á gun ọ̀kadà wọ inú àlá náà lọ, á sì bá iwin tó wà níbẹ̀ jà. Ọjọ́ Ìsinmi ni apá tuntun máa ń jáde. Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó túká, ó ti dé orí fóònù. Ẹgbẹ́ kan wà lórí Wasaapu níbi tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù náà ti ń jà sí i, pé ìjà tòní dùn, pé ti èṣí ló dùn jù, pé àwọn tó ṣe é ń fi àkókò ṣòfò. Ayọ̀rìndé ló ń darí ẹgbẹ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Adó, ẹlẹ́nu dídùn, tí kò sí ohun tó rí tí kò ní fẹ́ tún ṣe.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, fíìmù náà kò dùn rárá. Iwin inú rẹ̀ dà bí abọ́ rọ́bà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Gbogbo ẹgbẹ́ fárígá. Ayọ̀rìndé ní kí ẹni tó bá ní àlá burúkú tirẹ̀ gbé e wá, kí wọ́n fi han àwọn ará Jàpáànù bí wọ́n ṣe ń lá a. Àwọn kan sọ tiwọn, kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Monínúọlá kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ àlá ìyá rẹ̀ síbẹ̀, látorí ẹyẹ tó dákẹ́ títí dórí ohùn tó ń pè. Ojú tì í láti sọ pé ti ìyá òun ni. Ó kọ ọ́ pé tòun ni.

Ẹgbẹ́ gbaná. Àwòrán iná ń tẹ̀lé àwòrán agbárí. Wọ́n ní irú èyí ló yẹ kí akọni máa bá jà, pé orí àwọn wú, pé àwọn ò ní lè sùn. Ká má parọ́, ó dùn mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ìyá rẹ̀ pè é wá jẹun, kò gbọ́, ọ̀rọ̀ wọn ló ń kà.

Ayọ̀rìndé ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan àlá náà. Ó ní ó dára, àmọ́ ẹni tó ń pè yẹn jìnnà jù. Kó wọ inú ìrẹsì. Kí wọ́n máa gbọ́ bó ṣe ń fẹsẹ̀ wọ́ omi. Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní àlá oko yẹn tún wá, ṣùgbọ́n ẹni yẹn kò sí ní òdìkejì mọ́.

"Ó ti wọnú ìrẹsì," ó wí. "Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú omi."

Monínúọlá kò sọ pé Ọlọ́run á sọ ọ́ di rere, fóònù rẹ̀ ló ń wò. Ìyá dúró dè é, dúró dè é, ó wá ṣe àmín fúnra rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, Monínúọlá ń tu ara rẹ̀ nínú pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ó ṣí fóònù. Ẹgbẹ́ kò tíì sinmi. Wọ́n ti fẹnu kò pé ẹni tó ń pè gbọ́dọ̀ ní ojú, àti pé nígbà tó jẹ́ Monínúọlá ló ni àlá, ojú Monínúọlá fúnra rẹ̀ ni yóò bani lẹ́rù jù. Dùnmínínú, ọmọbìnrin kan tó mọ àwòrán yà láàárín wọn, ti yà á. Obìnrin kan dúró láàárín ìrẹsì, omi mù ún dé orúnkún, ó na ọwọ́ síwájú. Ojú Monínúọlá ló wà lọ́rùn rẹ̀, pẹ̀lú gèlè tó wé nínú fọ́tò tó ń lò lórí Wasaapu.

Monínúọlá pa ohun tó kọ rẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n àwòrán náà ti ń káàkiri. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jáwọ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó mọ eré é ṣe.

Ó délé lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ jẹ́wọ́. Ìyá bu oúnjẹ fún un, ó béèrè iṣẹ́, ó ní ojú rẹ̀ ti rẹ̀ jù. Monínúọlá jẹun. Kò sọ nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rín ni ìyá bá wọlé.

"Àṣàkẹ́, mo rí ojú ẹ̀ lónìí."

"Ojú ta ni, Màmá?"

"Ojú rẹ ni. Ìwọ lo ti ń pè mí láti ọjọ́ yìí."

Ẹ̀rù kò ba ìyá rárá, èyí ló sì burú jù. Ó ní ẹ wo bí òun ṣe ń sá fún ọmọ òun láti kékeré. Ó ní bó bá tún pe òun, òun á jẹ́ ẹ, òun á sì tẹ̀lé e. Monínúọlá béèrè pé níbo. Ìyá ní ulé ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìyá ti pe ilé bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Monínúọlá mọ̀ pé bí ìyá òun bá tẹ̀lé ohun yẹn, kò ní jí mọ́. Ó sì mọ ẹni tó fún un lójú tí yóò fi mú un lọ.

Kò lọ síbi iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù Ayọ̀rìndé ló gbà lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pé ìyá òun ló ni àlá, pé ohunkóhun tí wọ́n bá kọ ni àlá náà ń tẹ̀ lé. Ayọ̀rìndé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú rẹ̀, ó jáwọ́ ẹ̀rín.

"Sista, fíìmù ni," ó wí.

"Kọ ọ́ pé akọni wá. Jọ̀ọ́. Kó gba ìyá mi lọ́wọ́ ẹ̀."

Ayọ̀rìndé kọ ọ́ lójú rẹ̀. Akọni gun ọ̀kadà wọ inú oko ìrẹsì. Ṣùgbọ́n Ayọ̀rìndé ní ó gbọ́dọ̀ le díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní dùn. Nítorí náà, obìnrin méjì ni akọni bá níbẹ̀, olójú kan náà, kò sì mọ èyí tó jẹ́ iwin. Akọni ní kí ìyá nàka sí ọmọ rẹ̀. Oníbàárà kan wọlé, Ayọ̀rìndé sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní ibi tó bá ti dùn jù ni fíìmù náà ti máa ń dúró, òun á parí rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ Monínúọlá, ìyẹn ló ń sọ.

Monínúọlá rìn kiri Adó títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi jẹ́wọ́. Nígbà tó délé, ìyá ti sùn. Ẹ̀rù bà á láti jí i, ẹ̀rù sì bà á láti fi í sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá, ó ní òun ò ní sùn. Àwọn kòkòrò ń dún lẹ́yìn ilé. Nígbà tó yá, gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Oòrùn ló jí i. Ìyá kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó sáré jáde. Ìyá jókòó níwájú ilé, ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, ó ń fi imú kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Monínúọlá wó lulẹ̀ lórí eékún méjèèjì, omijé bọ́.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo gbé àlá yín síta. Mo parọ́ pé tèmi ni."

Ọwọ́ ìyá kò dúró. "Mo ti gbọ́. Àṣàkẹ́ ti sọ fún mi."

"Èmi ni Àṣàkẹ́, Màmá."

Ìyá wá rọ́ ọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń júwe ọ̀nà. Ọkùnrin kan wá sóko, ó wọ nǹkan tó ń dán bíi páànù tuntun. Ó ní kí òun nàka sí ọmọ òun. Méjì ni wọ́n dúró níbẹ̀. Ọ̀kan kúnlẹ̀ sínú omi, ó ń sunkún, ó jẹ́wọ́ fóònù, ó jẹ́wọ́ irọ́, ó ń bẹ òun. Èkejì kàn dúró. Ó ní ẹnu, kò sọ nǹkan kan.

"Èwo ni yóò jẹ́ ọmọ mi nínú wọn?" ó wí. "Ọmọ mi ò lè ṣẹ̀ mí kó dákẹ́. Mo nàka sí èyí tó ń bẹ̀ mí. Mo dárí jì í. Mo ní ó yá, ká lọ ulé."

Ó wá gbójú sókè wo Monínúọlá. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ṣi ilé yà.

"Ẹ dìde nílẹ̀," ó wí. "Aṣọ yín á dọ̀tí."

Láti ọjọ́ tó ti bí i, kò bá a sọ̀rọ̀ báyìí rí.

Ọjọ́ ti gorí ọjọ́. Àwọn àgbà ìjọ wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní ara ìyá le, orí rẹ̀ sì pé. Ẹgbẹ́ orí Wasaapu ti gbàgbé. Apá tuntun jáde lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, ó dùn, Ayọ̀rìndé kò sì parí ohun tó kọ. Ìyá ń bu oúnjẹ fún Monínúọlá. Ó ń kí i kú iṣẹ́ bó bá dé láti Ìgèdè, bí wọ́n ṣe ń kí ayálégbé tí kò ní wàhálà. Kò pè é ní Àṣàkẹ́ mọ́. Monínúọlá gbà pé òun ló fọwọ́ ara òun fà á, ó sì ń fara dà á.

Òwúrọ̀ ni kò lè fara dà. Ìyá kò wá sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mọ́. Yàrá tirẹ̀ ló ń wà, ó ń ti ilẹ̀kùn. Láti ìta, Monínúọlá á gbọ́ ọ tó ń rọ́ àlá lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Á rọ́ ọ tán. Á dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. Á wá ṣe àmín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ara Monínúọlá kò gbà á mọ́. Ó fi ẹnu ti ilẹ̀kùn, ó pè é jẹ́jẹ́. "Màmá."

Inú yàrá pa lọ́lọ́. Àwọn ẹyẹ tó ń ké lórí òrùlé dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ohùn tó máa ń fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà ní kékeré.

"Má dá a lóhùn, Àṣàkẹ́. A ò rí ojú ẹ̀."