Súẹ́tà Lachie

Gbogbo aṣọ tí wọ́n sá sétí òkun lọ́jọ́ náà ló ti gbẹ, àfi súẹ́tà Lachie nìkan. Wattie fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó tutù rinrin. Ó yẹ kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń kán an.

Èyí ṣẹlẹ̀ kí gbogbo Glasgow tó mọ Wattie Findlater sí aláwàdà. Ìdíje ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú Portcairn lọ́sàn-án ọjọ́ náà; ẹni tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún jù ni ọ̀gá eléré yóò mú lọ sí Glasgow. Dod, bàbá rẹ̀ tó ní ọkọ̀ ìpẹja, ti sọ fún un pé bí kò bá borí, ó di inú ọkọ̀ lọ́la. Ẹ̀rù òkun sì ń ba Wattie gan-an. Apẹja ọ̀lẹ ló fẹ́ sín jẹ, súẹ́tà tó bá tóbi gbàgẹ̀rẹ̀ ló sì ń wá.

Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní Portcairn ló ní ọnà tó ń hun sí súẹ́tà ọkọ rẹ̀, kí wọ́n lè fi dá a mọ̀ bí òkun bá gbé òkú rẹ̀ jáde. Ẹni tí òkun kò bá tíì gbé jáde, èèwọ̀ ni kí ẹlòmíì wọ aṣọ rẹ̀. Láti èṣí tí Lachie ti bọ́ sókun níbi tó ti ń bá Dod pẹja, òkun kò tíì gbé e jáde. Elspet, ìyàwó rẹ̀, ṣì ń sá súẹ́tà tó fi sílẹ̀ nílé sóòrùn, ó ń retí rẹ̀. Wattie ní òun kàn fẹ́ yá a lò ni.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó wọ súẹ́tà náà gun orí ìtàgé, ó la ẹnu, ohùn àgbà kan tó há ló jáde.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ ò tiẹ̀ wá mi."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Wọ́n ní Lachie gan-an ló sín jẹ yìí. Elspet nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wattie fẹ́ pa ẹnu dé, ẹnu kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, omi iyọ̀ sì kún un lọ́fun.

"Ẹ bá mi kí ọ̀gá mi tó jókòó síwájú yẹn. Àwọ̀n fà mí sómi, mo di okùn mú. Mo ní, Dod, fà mí. Ó wo àwọ̀n, ẹja kún un. Ó wo èmi náà. Ló bá gé okùn mi. Ẹja yẹn dùn, àbí kò dùn? Gbogbo yín lẹ jẹ níbẹ̀."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Jìnnìjìnnì bo Wattie, nítorí ìgbì ni bàbá rẹ̀ sọ pé ó gbé Lachie lọ.

Dod dìde, ó gun orí ìtàgé, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tó bí.

"Lachie, má bínú," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ebi ló ń pa àwọn ọmọ mi."

Àtẹ́wọ́ sọ. Wọn kò rí i rí kí bàbá àti ọmọ jọ ṣe àwàdà. Ọ̀gá eléré ní òun ti mú wọn. Wattie fẹ́ sọ pé, bàbá, èmi ni, ṣùgbọ́n ohùn Lachie ló jáde.

"Dìde, Dod. Jẹ́ ká lọ."

Ọwọ́ rẹ̀ fa bàbá rẹ̀ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọrí sí ilẹ̀kùn tó kọjú sókun. Àwọn èèyàn yà fún wọn lọ́nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń nu omijé ẹ̀rín. Wattie nìkan ló padà wálé.