Ẹ̀yìn Ìwé Tí Moríyọ̀ Kò Wò

"Gbé ọ̀kan wá kí n gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó máa lọ," ni ẹ̀gbọ́n mi, Ọláwuyì, wí.

Moríyọ̀, ọmọ ọmọ wọn, yọ ìwé ìròyìn kan nínú páálí, ó fi lé wọn lọ́wọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí àìsàn ojú ti gba ìríran lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n gbé ìwé náà sí imú, wọ́n sì fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Oṣù kẹta, ọdún 1979 nìyí."

Moríyọ̀ yẹ ojú ìwé náà wò, ó lọgun. "Bàbá! Ẹ ń tàn wá ni. Ẹ ń ríran!"

"Gíríìsì ni Kìtán ọ̀rẹ́ mi dà sí i lẹ́yìn. Kò sí òmíràn tó ń rùn báyìí nínú gbogbo wọn. Ojú mi ló lọ, imú mi ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá ń ríran, ṣé ìwọ onírun ìtẹ́ ẹyẹ yìí ni màá gbé ẹrù mi lé lọ́wọ́?"

"Ta ló sọ̀rọ̀ irun mi fún yín?"

"Ìyá rẹ ni. Ó ní kí n bá ọ wí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo wá lo ìsinmi nílé nígbà náà. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín náà nígbà míràn, níbi tí mo wà lókè òkun yìí.

Ìwé ìròyìn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú páálí náà. Èmi ni mo fi wọ́n ránṣẹ́ sílé nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, lóṣooṣù, láti ìlú òyìnbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìṣeré àti àwọn tó ń tún un ṣe ni wọ́n ń kọ ọ́ fún: ẹ̀rọ tí èèyàn ń sọ kọ́bọ̀ sí lẹ́nu, tí bọ́ọ̀lù onírin á sì máa sá kiri lábẹ́ gíláàsì, tàbí tí àpótí orin á bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Nígbà náà, Ẹ̀gbọ́n àti Kìtán, ọ̀rẹ́ wọn, ní gbọ̀ngàn ìṣeré ní Yàbá, nílùú Oǹdó. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ló mọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe àwọn ẹ̀rọ náà fún owó tiwa. Wọ́n á gbé kọ́bọ̀ mẹ́wàá mì, wọn kò sì ní ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì ló ń fi fáìlì ha ẹnu ẹ̀rọ, tí wọ́n ń dán an wò títí tí yóò fi gbà. Ohun tí wọ́n bá rí, Ẹ̀gbọ́n á fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí ààyè funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìròyìn: orúkọ ẹ̀rọ, ohun tó ṣe é, bí wọ́n ṣe wò ó sàn, ọmọ tó gba àmì tó pọ̀ jù lọ́jọ́ náà.

Kìtán kú sí ọ̀nà Orè lọ́dún 1984. Ìpẹtà jẹ àwọn ẹ̀rọ náà tán. Kò sí fọ́tò kankan. Pẹ́ńsùlù yẹn nìkan ló kù.

Ìyáàfin Fọláhànmí, olùkọ́ kan ní yunifásítì ní Àkúrẹ́, ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Alágbàká níbi tí wọ́n ti ń ya ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà kí ó má baà parun. Ó ṣèlérí pé bí iṣẹ́ bá parí, wọn yóò ka gbogbo rẹ̀ sí Ẹ̀gbọ́n létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Moríyọ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ náà ṣe lásìkò ìsinmi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ń lọ sí kíláàsì ìparí.

"Má gé e," ni Ẹ̀gbọ́n sọ fún un. "Má tú u. Ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Bó o bá ṣe tán, kó o dá a padà fún mi bó o ṣe gbà á."

"Mo ṣèlérí, Bàbá."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Alágbàká, ẹnu Moríyọ̀ fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tó ti pẹ́ jù.

Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ó ń gba sùúrù. Wọn á ṣí ìwé náà sábẹ́ kámẹ́rà tó dúró lórí òpó, wọn á fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, wọn á ya á, wọn á wò ó bóyá ó hàn, kí wọ́n tó ṣí èyí tó kàn. Ní ọjọ́ mẹ́ta, ìwé mẹ́ta péré ni Moríyọ̀ parí. Bẹ́ẹ̀ rèé, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń múra láti lọ gun Òkè Ìdànrè lọ́jọ́ Sátidé, Ìyáàfin Fọláhànmí sì ti ní kó wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Bísọ́dún ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá a ní ọ́fíìsì ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Ìyáàfin ti lọ sí Ìbàdàn, ó di Ọjọ́ Ajé kó tó dé.

"Màmá àgbà inú páálí, ẹ kú iṣẹ́ o!" ni Bísọ́dún fi kí i. "Ṣé bí fọ́tò bá dé láti Ìdànrè, ká fi ránṣẹ́ sí yín níbí?"

"Fi mí sílẹ̀, jọ̀ọ́."

"Kí ni ẹ̀rọ tó wà ní igun yẹn ń ṣe?"

"Lẹ́tà ọ́fíìsì ni wọ́n fi ń yà. Ó máa ń gbé bébà mì fúnra rẹ̀ ni, bí ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ó wá jókòó síbẹ̀, tí ìwọ ń ṣí ìwé bí ẹni ń já ewé?"

"Ìwé tí wọ́n so pọ̀ kò lè wọ̀ ọ́. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gé e."

Bísọ́dún wo abẹ ńlá tí wọ́n fi ń gé etí ìwé, tó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Bàbá tí kò ríran ló ní kó o má gé e. Ta ló máa sọ fún wọn? Ṣebí ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́."

Moríyọ̀ sọ fún mi pé nígbà tí abẹ náà bọ́ sórí ìwé àkọ́kọ́, ọkàn òun já. Ní ti ìkejì, kò já mọ́. Bísọ́dún ń gé, Moríyọ̀ ń kó o sẹ́nu ẹ̀rọ. Àwòrán ń kọjá lójú kọ̀ǹpútà fìrì fìrì, wọ́n ń fi ẹ̀wù àwọn òyìnbó inú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìwé méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù ti tán.

"Àwọn bébà yìí ńkọ́?" ni Moríyọ̀ béèrè. "Bí Ìyáàfin bá rí wọn, mo gbé."

"Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi bébà ṣe? Jẹ́ kí n gbé e fún ìyá alákàrà tó wà ní oríta. Ó máa ń wá bébà tí yóò fi dì í."

Bí wọ́n ṣe gbé e fún un nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, Moríyọ̀ gun òkè Ìdànrè, ó ya fọ́tò.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyáàfin Fọláhànmí dé, ẹnu yà á. "O ti parí? Moríyọ̀, iṣẹ́ oṣù kan gbáko! Àwọn ìwé náà ńkọ́?"

"Mo ti dá wọn padà sí Oǹdó, mà."

Inú Ìyáàfin dùn débi pé kò ṣí ẹyọ kan wò. Ó ní Sátidé ni àwọn yóò lọ kà á fún Bàbá.

Lọ́jọ́ kejì ni Moríyọ̀ ṣí i láti tò ó. Ojú ìwé kìíní. Ìkẹta. Ìkarùn-ún. Ìkeje. Ó ṣí ìwé òmíràn, bákan náà ni. Ojú kan ni wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà ọ́fíìsì sí, nítorí náà ojú kan ni wọ́n ṣètò ẹ̀rọ náà láti máa yà. Kò sí ẹ̀yìn bébà kankan níbẹ̀.

Ó sáré dé oríta.

"Bébà?" ni ìyá alákàrà wí, ó ń yí àkàrà nínú epo. "Háà, bébà yẹn dáa o, kì í mu epo. Ó ti tán, ọmọ mi. Lánàá ni mo fún ẹlẹ́pà kan ní ìdajì tó kù."

"Ẹlẹ́pà wo, mà?"

"Èmi mọ̀ ọ́n? Ó ń kiri kọjá ni."

Lánàá. Lánàá ni Ìyáàfin bi í léèrè ibi tí ìwé wà. Bó bá sọ òótọ́ lánàá, ìdajì ì bá ṣì wà. Síbẹ̀ ó tún dákẹ́, fún ọjọ́ mẹ́rin sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, a jókòó yí Ẹ̀gbọ́n ká ní pálọ̀. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n, wọ́n wọ agbádá bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ. Moríyọ̀ gbé kọ̀ǹpútà sórí ẹsẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi ti oṣù kẹjọ ọdún 1980 bẹ̀rẹ̀," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ojú ìwé kejìdínlógún. Ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ sísàlẹ̀ ni kó o kà."

Mo rí i tí ọmọ náà ń ṣí ojú ìwé síwá sẹ́yìn, mo rò pé ó ń wá ibẹ̀ ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀: "'Lónìí, èmi Ọláwuyì tún ẹnu ẹ̀rọ kejì ṣe. Ó ń gba kọ́bọ̀ mẹ́wàá báyìí. Inú mi dùn.'"

Ẹ̀gbọ́n yí etí sí i. "Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Kìtán ló kọ ìwé sí ojú ìwé yẹn," ni Ẹ̀gbọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ibẹ̀ nìkan ni mo jẹ́ kó kọ tirẹ̀, nítorí ìkọ̀wé rẹ̀ burú. Èébú ló fi bú mi síbẹ̀. Moríyọ̀, kí ló wà níwájú rẹ?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀: ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ló pé, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n yà nínú bébà àwọn yòókù. Ìyáàfin Fọláhànmí gbé ọwọ́ lé orí, ó ń sọ pé ẹ̀bi òun náà ni, òun ì bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

"Bébà yẹn dà?" ni Ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Wọ́n ti fi di àkàrà, Bàbá."

Wọ́n yí ojú tí kò ríran náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ṣé ó tiẹ̀ dùn?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n dìde, wọ́n táràrà wọ yàrá lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, Sátidé kan kò kọjá kí Moríyọ̀ má wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ wá sí Oǹdó, tòun ti ìwé àjákọ, kó lè kọ ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà bá rántí. Ẹ̀gbọ́n kò lé e. Wọ́n á ní kó jẹun. Wọ́n á bi í nípa ìdánwò. Bó bá ṣí ìwé àjákọ náà, wọ́n á mi orí.

"N kò rántí mọ́, ọmọ mi. Kí n lè ráyè gbàgbé ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo padà sókè òkun. Ẹ̀gbọ́n kú nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti fi ẹnu ara wọn sọ fún Moríyọ̀ pé àwọn dárí jì í, mo sì mọ̀ pé látọkàn wá ni.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, iṣẹ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe pẹ̀lú sùúrù, ẹ fi sùúrù ṣe é, kí ẹ sì fi ojú ara yín wò ó kí ẹ tó sọ pé ó ti parí. Bó bá sì bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ tètè sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tí ìdajì ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n lè dárí jì yín lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe dárí ji Moríyọ̀. Ìdáríjì yẹn kò dá ojú ìwé kan ṣoṣo padà.