Ẹni Tó Ń Bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ̀wé

Ilẹ̀ ni Akọ̀wé bá ọ̀dọ́bìnrin kan lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fojú kàn án. Ọ̀dọ́bìnrin náà na gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngàn ìdánwò, ó fi báàgì rọrí, ó ń na ìka sókè, ó sì ń bá ọkùnrin mẹ́ta tó dúró lé e lórí jiyàn nípa afárá. Nígbà tó fi máa parí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbà fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Akọ̀wé wí, "wọ́n ní kí n wá bá aláìsàn kan kọ ìdánwò."

Ó wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. "Aláìsàn ò sí níbí. Oríkèé ló ń dùn mí, orí mi pé. Ṣé o mọ nǹkan kan nípa afárá?"

"Mo máa ń gba orí ẹ̀ kọjá ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "O ti yege."

Pátákó ìpolówó ni Akọ̀wé ń kọ fún àwọn onísọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ sì gún régé. Ọmọbìnrin náà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, ló ti ń gba ipò kìíní láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì ti wá ku ìdánwò àṣekágbá. Ìrora oríkèé ti ń bá a fínra láti kékeré. Bó bá di bírò mú pẹ́, ìka rẹ̀ á gan. Ìdí nìyẹn tí ilé-ìwé fi fún un ní yàrá tirẹ̀, àfikún àkókò, ẹní tó lè nà lé, àti ẹni tí yóò máa kọ ohun tó bá pè. Àwọn kan ń kùn pé ojúsàájú ni. Èsì tirẹ̀ ni pé, "Ẹ máa gba àkókò náà, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ru ìrora náà lọ pẹ̀lú."

Òfin kan ló wà: akọ̀wé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí tàbí olólùfẹ́ ẹni tó ń bá kọ̀wé. Yóò búra bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá kan tó jẹ́ alábòójútó ìdánwò kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá purọ́, wọn á fagi lé gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti kọ.

Lọ́jọ́ kìíní, Akọ̀wé búra, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó ti wá mọ bí ohùn Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń tín-ín-rín bí ìrora bá dé. Á gbé bírò sílẹ̀, á máa wo ojú fèrèsé títí á fi rọlẹ̀, kí ojú má baà ti ọmọ ọlọ́mọ.

"Lẹ́tà ẹ ti tóbi jù," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n á sọ. "Ṣé sọ́ọ̀bù lò ń kùn ni?"

"Kí ẹni tó ń máàkì lè rí i láti títì ni."

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìdánwò tó kẹ́yìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n dá a dúró lẹ́nu géètì. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Jọ̀ọ́, gbé e mì títí ìdánwò ọ̀la á fi parí."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ ẹ," ni Akọ̀wé dáhùn.

Ilẹ̀ mọ́. Ìyá alábòójútó ní, "Ó yá, búra." Akọ̀wé bọ́ síwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ọn, ó ń mi orí sí i pé kó sọ ọ́.

"Ẹ má bínú mà, mi ò lè búra lónìí. Òótọ́ ni mo sọ ní gbogbo ìgbà tó kọjá. Ṣùgbọ́n láti àná, olólùfẹ́ rẹ̀ ni mí."

Ìyá alábòójútó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Jáde. Èmi fúnra mi ni màá bá a kọ ọ́."

"Mà, ọwọ́ yín ò yá!" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, kò yá. Jókòó."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí Akọ̀wé. "O já mi kulẹ̀," ló sọ, kò sì pariwo.

Akọ̀wé dúró síta títí. Ògiri ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń dì mú nígbà tó jáde, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. "Ìbéèrè kan kù. Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n dáadáa! Ọwọ́ ìyá yẹn ò bá ẹnu mi ni."

"Jẹ́ kí n mú ẹ délé."

"Má fọwọ́ kàn mí."

Èsì jáde: ipò kejì. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń kùn fi lọ fi ẹjọ́ sùn pé àlè rẹ̀ ló ń bá a kọ ìdánwò. Ìyá alábòójútó fèsì lójú ẹsẹ̀: "Ọmọkùnrin náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi kó tó di irọ́. Ẹ máa lọ." Ẹjọ́ kú síbẹ̀.

Orí àkàsọ̀ ni Akọ̀wé wà lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà, ó ń kọ orúkọ sí iwájú sọ́ọ̀bù kan, nígbà tó gbọ́ ohùn tó mọ̀.

"Sọ̀kalẹ̀. Ọrùn ń dùn mí."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ká ní o búra lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá ti gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ mi," ló sọ.

"Ipò kìíní bọ́ lọ́wọ́ ẹ nítorí mi."

"Ó bọ́. Ó sì ń ká mi lára títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n àárò ẹ ò jẹ́ kí n gbádùn."

Akọ̀wé nu ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mi ò ní sàn o. Mi ò fẹ́ tàn ẹ́. Àárọ̀ mìíràn wà tí mi ò ní lè dìde."

"Mo gbọ́."

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an, bóyá ni màá lè dúró."

"A ó jókòó ṣe é, olólùfẹ́ mi."

Wọ́n sì jókòó ṣe é. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dìde, ọkọ àti ìyàwó ò dìde. Ìyá alábòójútó tó wà níwájú ló kọ́kọ́ padà jókòó, àwọn yòókù tẹ̀ lé e níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń so wọ́n pọ̀ wọ̀tún, ó wòsì, ó ní kí wọ́n bá òun náà wá àga.