Bẹ́ẹ̀dì Tí Ọláídé Ní Kò Yẹ

Ọjọ́ tí Àtàndá kọ́kọ́ rí Ọláídé, ṣe ni ọmọbìnrin náà ní kó sùn kó bímọ.

Oṣù Kẹrin ọdún 1969 ni. Àtàndá, káfíńtà, ọmọ Ìnísà, ń kan ilẹ̀kùn ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọba kékeré kan ní Alajo, nínú ìlú Accra. Ọmọbìnrin kan wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun, ó so aago mọ́ àyà, ó di fọ́ọ̀mù mú. Agbẹ̀bí ni, ọ́fíìsì ìlera ló rán an. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ àwọn ilé ìgbẹ̀bí wò, kó mọ̀ bóyá wọ́n ti gbára dì de aláboyún.

Kì í kàn béèrè pé, “Ṣé ẹ ní omi? Ṣé ẹ ní iná?” Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ẹ jẹ́ ká bímọ.” Yóò mú ẹnì kan, yóò ní kó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, yóò wo aago, yóò wá ní, “Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀. Ẹ gbé nǹkan wá, kí n rí i.” Ohun tí wọ́n bá gbé dé kíákíá ló ń kọ sílẹ̀. Èyí tó bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó lọ sọ́jà, kò sí nìyẹn.

Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo nọ́ọ̀sì ló ní ohun tí wọ́n fẹ́ sáré gbé. Káfíńtà nìkan ló kù.

“Ẹ̀yin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sùn síbí. Ẹ ti ń rọbí láti àárọ̀.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin páà.” Accra ni wọ́n ti bí i, ó máa ń fi èdè àwọn ará Ghánà lú Yorùbá rẹ̀.

Màmá Dédé, ọmọ Gà, onílẹ̀ Accra, tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì, tó ti kọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn aláboyún, fi orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Accra pè é, ó pariwo pé, “Alátà, lọ sùn! Kò ní dùn ẹ́!”

Àtàndá bọ́ bàtà, ó gun bẹ́ẹ̀dì. Òun ló tún bẹ́ẹ̀dì náà ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Igi wáwá, igi fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń kan àpótí, ló fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, torí ọ̀dúm tó le bí irin ò tíì dé lọ́wọ́ àwọn oníplánkì. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

“Ẹni tó ń rọbí kì í sùn jẹ́ẹ́,” ni Ọláídé wí. “Ẹ yí ara.”

Àtàndá yí ara. Gbàà! Ẹsẹ̀ wáwá dá, káfíńtà bá ara rẹ̀ nílẹ̀, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè.

Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ọláídé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wò ó bóyá ó fara pa. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì rọ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé bẹ́ẹ̀dì kò yẹ.

Inú bí Àtàndá. Kì í ṣe ìṣubú ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé òótọ́ ló kọ.

Àtàndá kì í gbàgbé. Prámárì kẹrin ló wà tó fi kúrò nílé ìwé, torí tíṣà kan purọ́ mọ́ ọn pé ó jí ṣọ́ọ̀kì. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni báyìí, bó bá délé ní Ìnísà, kì í gba iwájú ilé tíṣà yẹn kọjá. Ó wá ọ̀dúm kiri títí ó fi rí i, ó sì fi odindi ọjọ́ mẹ́ta kan bẹ́ẹ̀dì tuntun. Ọláídé padà wá. Ó jókòó sórí rẹ̀, ó fò lórí rẹ̀, ó ní ó yẹ.

“Fọ́ọ̀mù ti àkọ́kọ́ ńkọ́?” Àtàndá bi í.

“A ò lò ó mọ́. Mo ti kọ òmíràn.”

“Ẹ fún mi.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ máa rí i.”

Ẹ̀rín tí Ọláídé ti gbé mì lọ́jọ́ kìíní wá jáde. “Ẹ lágídí o! Ẹ gbà.”

Àtàndá ká a, ó fi sí ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibi tí Ọláídé bá ti ní bẹ́ẹ̀dì kò yẹ, Àtàndá ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Wọ́n á jọ wọ tòrótòró, ọkọ̀ èrò Accra, dé àdúgbò Madina, àpótí irinṣẹ́ lórí itan ọkùnrin, fọ́ọ̀mù lórí itan obìnrin. Nígbà tó yá, “ẹ” di “ìwọ”, káfíńtà di “Àtàndá mi”.

“Ṣé fọ́ọ̀mù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?” ni Ọláídé máa ń bi í.

“Ó wà ńbẹ̀.”

“O ò tíì dárí jì mí, olówó orí mi?”

“Mo ṣì ń rò ó.”

Irọ́ ni, kò sí ohun tó ń rò. Bó bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ báyìí, ṣe ni àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì.

Ní Oṣù Kẹsàn-án, òun àti Tàíbátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ bá Adéníkẹ́, ìyá Ọláídé, tó ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Okaishie.

“Ìwé mélòó lo kà?” ìyá náà bi í.

“Prámárì kẹrin, Mà.”

“Ọmọ mi kàwé títí ó fi ń yẹ nọ́ọ̀sì wò. Ṣé kó wá máa gbá ìyẹ̀fun igi ló kù? Mi ò gbà.”

Ọláídé wo ilẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Àtàndá fi ìyẹn náà pamọ́ sínú.

Oṣù Kọkànlá ni rédíò sọ̀rọ̀. Ìjọba ní kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo Alajo dàrú. Wọ́n ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ń ta tìmùtìmù, wọ́n ń fi ìkòkò tọrẹ. Adéníkẹ́ ti gba ìwé tirẹ̀ tipẹ́. Àtàndá ò ní. Tàíbátù, tó wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ, ò ní. Ṣàkírù ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ò ní.

Ọláídé sáré wá sí ìsọ̀ Àtàndá.

“Bá mi lọ,” Àtàndá wí kí ọmọbìnrin náà tó jókòó. “Iwájú bàbá mi ni màá ti fẹ́ ọ.”

“Ọ̀gá mi ń bá mi kọ lẹ́tà tí mo máa fi dúró. Ní sùúrù, ìfẹ́ mi, màá bá ìwọ náà wá ìwé.”

“Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa! Wọ́n ti ń mú èèyàn lójú títì.”

“Ilé ìgbẹ̀bí méje ni mo kọ ‘kò yẹ’ sí tí wọn ò tíì tún ṣe. Ta ni kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún?”

“Èmi ńkọ́? Èmi náà wà lára ohun tí kò yẹ?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ìyá rẹ sọ ọ́, o sì dákẹ́.”

Omi lé sójú Ọláídé. “Màámi ni! Kí lo fẹ́ kí n sọ sí wọn?”

“Jẹ́ kí lẹ́tà rẹ fẹ́ ọ,” ni Àtàndá wí, ó sì kọjú sí igi tó ń fá.

Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, kò lọ bá a. Ó ń gbọ́ pé Ọláídé ń béèrè òun. Kò rí oorun sùn, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ kò lọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí gbèdéke pé, Tàíbátù pè é.

“Àtàndá, ikùn mi ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní èrò ń sùn sí bodè Aflao fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, a sì tún máa la Tógò àti Dàhòmì kọjá. Aboyún mẹ́ta la máa bá ọkọ̀ akẹ́rù Ṣàkírù lọ. Bí ọmọ bá mú mi lójú ọ̀nà ńkọ́?”

“Ṣàkírù á dúró.”

“Á dúró, á sì máa wò mí. Ọkọ̀ ló mọ̀ ọ́n wà.”

Àtàndá gun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Plánkì lásán ló wà ńbẹ̀, pẹ̀lú ẹrù àti eruku. Ẹ̀rù bà á. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ kó gbogbo ọ̀dúm tó kù ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó kan bẹ́ẹ̀dì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú bóòtù onírin, ó ṣe igi tí obìnrin lè dì mú sí i, ó ta tapólì yí i ká. Ó so dúrọ́ọ̀mù omi mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó kan ìkọ́ fún láńtà. Ibi tó ti ń kan ìkọ́ náà ló ti mọ̀ pé ìbéèrè Ọláídé lòun ń dáhùn láti àárọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń béèrè wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Sísítà.”

“Àtàndá...”

“Mi ò wá bẹ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà tí mo fẹ́ kí ẹ wá yẹ̀ wò. Ọ̀sán òní ni yóò gbéra.”

Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, Ọláídé ti gbé báàgì rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọkọ̀, èrò ti kún. Tàíbátù pariwo, “Ìyàwó mi dé!” Ọláídé gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wo bẹ́ẹ̀dì náà títí. Ó wá ní, “Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bímọ. Ta ló máa sùn?”

Gbogbo wọn wo Àtàndá. Ó bọ́ bàtà.

“Yí ara.”

Ó yí ara. Bẹ́ẹ̀dì kò dún.

“Omi?” Ṣàkírù ṣí dúrọ́ọ̀mù. “Iná?” Tàíbátù gbé láńtà kọ́. “Àlùmọ́gàjí? Okùn ìwọ́? Ọṣẹ?” Ó wà, ó wà, ó wà. “Abọ́ tí ẹ máa fi se àlùmọ́gàjí ńkọ́?”

Wọ́n wo ara wọn. Àtàndá ti gbàgbé abọ́.

“Òun nìyí.”

Adéníkẹ́ ni. Ẹnì kan ti sáré wá sọ fún un ní Okaishie pé ọmọ rẹ̀ wà nídìí ọkọ̀ àwọn tó ń lọ sílé, ó sì ti wá tòun ti igbá abọ́ lórí. “Ọmọ mi ni mo wá mú,” ó wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Ṣùgbọ́n aboyún kì í rin irú ìrìn yìí láìní abọ́. Ẹ gbà.”

Ọláídé gba abọ́. “Ó ku ìbéèrè kan. Ta ni agbẹ̀bí tó wà lẹ́nu iṣẹ́?”

Àtàndá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo tapólì. Ohun tó tìtorí rẹ̀ wá nìyí, ẹnu rẹ̀ ló wúwo.

“Kò sí,” ó wí níkẹyìn. “Mo lè kan bẹ́ẹ̀dì, Ọláídé. Mi ò lè kan ìwọ. Mo ti bínú tó. Mo bẹ̀ ọ́.”

Ọláídé yọ ìwé kan nínú báàgì. “Lẹ́tà mi dé lánàá. Wọ́n ní mo lè ṣiṣẹ́ títí di Oṣù Kẹta. Màámi, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ mi. Àjèjì. Alajo yìí lẹ bí mi sí. Ibí ni mo ti kọ́ ìrìn, ibí ni mo ti ń gbẹ̀bí fún wọn.” Ó yíjú sí Àtàndá. “Wọ́n kọ ‘kò yẹ’ sí èmi náà. Mo wá mọ bó ṣe dùn ọ́ tó.”

Ó nu ojú. “Fún mi ní bébà. Mi ò mú fọ́ọ̀mù wá.”

Àtàndá tú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó mú bébà kan tó ti pọ́n jáde.

“O ṣì ní i!”

“Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́.”

Ọláídé gba pẹ́ńsù káfíńtà. Ó kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀dì yẹ, omi yẹ, iná yẹ. Nígbà tó kan agbẹ̀bí, ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì dá bébà àti pẹ́ńsù padà fún Àtàndá.

“Ọláídé!” ni ìyá rẹ̀ pè.

“Màámi, Màmá Dédé á mójú tó Alajo àti àwọn ilé ìgbẹ̀bí tó kù, mo ti kọ́ wọn níṣẹ́ mi. Bí ẹ bá ní kí n sọ̀ kalẹ̀, màá sọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ikùn àwọn obìnrin wọ̀nyí kí ẹ tó sọ ọ́.”

Adéníkẹ́ wò wọ́n. Ojú rẹ̀ pẹ́ lórí ikùn Tàíbátù. Àtàndá ti dọ̀bálẹ̀ láàárín ẹrù.

“Prámárì kẹrin,” ìyá náà wí.

“Mà.”

“Ìwọ lo kan bẹ́ẹ̀dì yìí?”

“Èmi ni, Mà.”

Ó gun ọkọ̀, ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, ó fi gbogbo agbára mì í. Kò mì. Ojú rẹ̀ pọ́n. “Ní Oṣù Kìíní, mò ń bọ̀ ní Ìnísà. Kí n tó dé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni ọmọ mi á máa sùn. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Mà.”

Ó kó abọ́ méjì sí i lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó dì mọ́ ọn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìwẹ̀yìn.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n wà ní Aflao, nínú oòrùn, láàárín ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò lè kọjá, Tàíbátù di igi bẹ́ẹ̀dì mú. Ọláídé wo aago àyà rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká bímọ,” ó wí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Àtàndá dúró lẹ́yìn tapólì, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń ké, ó gbọ́ bí Ọláídé ṣe ń pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “Ẹ mí, ìyá mi, ẹ mí.” Oòrùn yẹ̀ sápá kan. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kò mì títí ọmọ fi ké.

Ọláídé yọ orí síta, òógùn bò ó lójú. “Obìnrin ni. Àwọn méjèèjì wà láàyè.”

Àtàndá yọ fọ́ọ̀mù náà nínú àpò àyà rẹ̀, ó yí i síwájú, ó wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ní Oṣù Kẹrin pé kò yẹ. Ó pọ́n pẹ́ńsù lá, ó sì fa ìlà kan gbọọrọ lé e lórí.