Díìsìkì Tí Àna Fi Ránṣẹ́

“Ẹ kú iṣẹ́ níbí o!”

Matilda ló ń wọ ilé ìtẹ̀wé Simeon bọ̀ n'Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́dún 1989. Ó gbé lẹ́tà wá láti Èkó, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Walter, tó fẹ́ àbúrò Simeon. Díìsìkì kọ̀ǹpútà kan wà nínú àpòòwé náà.

“Eré ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹ máa fi najú.”

Mọ́ṣádé, ìyàwó Simeon, sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: “Bàbá Rose, orin Màmá Ayépé wà nínú kọ̀ǹpútà yìí o. A ò mọ ohun tó wà nínú díìsìkì yẹn.”

Orin ìgbéyàwó ayé àtijọ́ ni. Ìyá Susannah, ẹ̀gbọ́n ìyá Simeon tó ń gbé l'Áyépé, ló wá kọ ọ́, tí Simeon ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, kó lè fi ṣe ìwé. Ojú ti màmá gan-an kó tó gbà. Ó ní àgbà ṣọ́ọ̀ṣì kì í kọ irú orin bẹ́ẹ̀.

“Ẹ̀bùn àna,” ni Simeon fèsì, “kí n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níṣojú ẹni tó gbé e wá?”

Matilda rẹ́rìn-ín. “Àbí ẹ̀rù ń bà yín pé ó máa bù yín jẹ?”

Ni Simeon bá tì í bọ ẹ̀rọ. Bọ́ọ̀lù ń ta pọ́ún-pọ́ún lójú ẹ̀rọ, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ kò jí mọ́. Gbogbo orin ti pòórá.

Adébùsọ́lá, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mi orí. “Fáírọ́ọ̀sì ló sá pamọ́ sínú eré yẹn. Bí ẹ ṣe ní kí eré ṣiṣẹ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ibi tirẹ̀. Àna yín gan-an lè má mọ̀.”

“Mi ò fẹ́ fojú àna gbolẹ̀ ni.” Simeon kò lè gbójú sókè.

Adébùsọ́lá ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí àna bá fún yín ní ẹ̀gẹ́, ṣé ẹ ò ní sẹ́ ẹ kí ẹ tó yan án ní gàrí? Ṣé asẹ́ ń bú àna ni?”

Simeon wọ mọ́tò lọ sí Ayépé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá Susannah gbọ́ tán, kò bú u. Ìyẹn gan-an ló dun Simeon jù.

Màmá tún díẹ̀ kọ nínú àwọn orin náà. Nígbà tó kan èyí tí ìyá tó bí i kọ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó fi ìborùn bojú.

“Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lè kọ ìyẹn, ọmọ mi. Jẹ́ kó máa lọ.”

Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà, bí lẹ́tà bá dé, ẹ kà á. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ yín, tí ẹ kò béèrè fún, ẹ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìbáà jẹ́ àna ló fi ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fi í ránṣẹ́ léèrè. Kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ẹ̀rọ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ sì máa tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín síbòmíràn.

Ó lè ti yín lójú láti sọ fún àlejò pé, “Ẹ ṣeun, a máa yẹ̀ ẹ́ wò ná.” Ìtìjú yẹn kò tó ti ẹni tó dọ̀bálẹ̀ l'Áyépé.