Odì Tí Wọ́n Yàn Dé Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀

Bí tọkọtaya yìí bá ti bínú síra wọn, ọmọ wọn obìnrin ló máa ń di ẹnu wọn. Bàbá á ní kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ebi ń pa òun. Ìyá á ní kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé oúnjẹ wà lórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀, ìdí tábìlì kan náà ni gbogbo wọn jókòó sí o! Ọmọ náà ti mọ iṣẹ́ ìránṣẹ́ yìí ju iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n tẹ fọ́ọ̀ṣì títí, omi kò wá. Ọkọ, tó jẹ́ télọ̀, ní irun tí ìyàwó òun ń dì fún àwọn oníbàárà ló dí ihò. Ìyàwó ní irọ́ ni, àjákù aṣọ rẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di odì nìyẹn.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ọmọ ti lọ sílé-ìwé, ìyàwó da bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ó dà á dáadáa, ó sì dé e kó lè rẹ ìdọ̀tí náà. Ó yẹ kó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń rán níṣẹ́ kò sí nílé, bí òun bá sì kọ́kọ́ lanu, ṣebí òun ló gbẹ̀bi yẹn? Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ọkọ ti ìta dé. Ó mú ike kan dání tí kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀. Ìyàwó rí i. Ẹnu yún un láti béèrè, ó pa á mọ́. Ọkọ wọlé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti fèrèsé kí òórùn má bàa dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ó sì fi irin ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ìyàwó pòṣé. Àmọ́ ikọ́ náà yí padà, ó dà bí ti ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Ike ṣubú, ó dún gbàgà. Òórùn kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ó ta ìyàwó lójú bí ata. Ó figbe ta pe Àǹtí Nọ́ọ̀sì, aládùúgbò wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó bi í pé kí ni ọkọ rẹ̀ dà síbẹ̀.

"Mi ò mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n bílíìṣì mi ṣì wà nínú rẹ̀."

Ojú Nọ́ọ̀sì yí padà. Ó fa ìyàwó sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn gbayawu, ó sì gbé igi láti lọ fọ́ fèrèsé láti ìta.

"Bá a sọ̀rọ̀, Ìyàwó," ló wí. "Ojú rẹ̀ ò ní ríran níbẹ̀. Jẹ́ kó gbọ́ ibi tí ilẹ̀kùn wà."

Ìyàwó lanu, ó pè é láti ibi tó dúró.

"Olówó orí mi, èmi ni. Ibi ohùn mi ni kó o máa bọ̀. Irin ilẹ̀kùn wà lókè, lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ."

Gíláàsì fọ́ lẹ́yìnkùlé.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi? Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn."

Èékánná ló gbọ́ tó ń ha pákó. Ó ha sísàlẹ̀, ó ha sókè. Irin náà yẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣubú síta, ojú rẹ̀ pupa, ètè rẹ̀ ti fẹ́ dúdú. Wọ́n wọ́ ọ dé ìta gbangba, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kó lè máa mí. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún ìyàwó pé ásíìdì ló wà nínú ike náà, àti pé bí ásíìdì bá kan bílíìṣì, afẹ́fẹ́ olóró ni wọ́n máa ń bí. Fọ́ọ̀ṣì kò ṣiṣẹ́, nítorí náà bílíìṣì àárọ̀ kò lọ síbi kankan. Ńṣe ló jókòó de ásíìdì.

Nígbà tí oníṣẹ́ omi wá ṣí ìdérí táǹkì omi tó wà lẹ́yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ihò kò tiẹ̀ dí. Ṣéènì tó ń gbé ọmọrí tó dí ojú omi nínú táǹkì sókè ló yọ lára ìkọ́. Ó fi ṣéènì náà kọ́ ìkọ́ padà, omi sì ṣàn. Kì í ṣe irun, kì í ṣe àjákù aṣọ.

Ọkọ ti padà sílé, àmọ́ àyà rẹ̀ ṣì ń dún bó bá gun àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọṣẹ dání lọ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì bi í bóyá kí òun lọ sọ fún màmá.

"Rárá," ló wí. "Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un."

Ẹ̀yin ará, bí fọ́ọ̀ṣì bá kọ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣí táǹkì wò. Ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tàbí oògùn ìfọlé mìíràn láé, ẹ má sì ra èyí tí kò ní àkọlé. Bí òórùn bá ti ń fún yín lọ́fun, ẹ jáde kíákíá, ẹ ṣí ilé sílẹ̀, ẹ ké sí ènìyàn, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má tún padà wọlé nítorí ike tàbí bàtà. Ẹ bínú síra yín bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tí ẹ dà síbẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín.