Àga Tí Màámi Kú Sí

"Màámi, ẹ̀yin lẹ ni ilé yìí, ẹ̀yin náà ni kí ẹ lé e jáde. Tí ẹ bá fi lè ṣàánú ìyàwó yìí, ó máa sọ àwa ọmọ yín di alágbe."

Eyínmẹ́nugún ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó, nítorí náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní orúkọ yìí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, nígbà tí wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín síra wọn. Eyín náà sì mú ẹnu gún lóòótọ́. Ohun tó ń gba àárín eyín náà jáde ni kò dára.

Ọjọ́ Àìkú ni. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló mọ̀ọ́mọ̀ yan ọjọ́ náà, torí wọn kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kankan ò sì ní yọjú. Ìkà a máa yan ọjọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ẹrù ayé àtijọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀: aago ògiri, giramafóònù tí ẹnu rẹ̀ ya bí òdòdó, maṣíìnì ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀, àpótí onídẹ, àti àga lóríṣiríṣi. Ọ̀kan nínú àwọn àga náà ni wọ́n fi Màámi jókòó sí láàárín ṣọ́ọ̀bù bí adájọ́. Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ lé kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Onípàǹkẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí òun ló ń hun ìdí àga tó bá já. Á rẹ pàǹkẹ́rẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, á fà á gba inú ihò kan bọ́ sí òmíràn, á jẹ́ kó dábùú ara rẹ̀. Bó bá gbẹ, á fún ara rẹ̀ mọ́ra, ẹni tó sanra jù lọ á sì jókòó sí i láìmira. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ti ń ṣe é. Bí Màámi bá mi orí sí ọ̀rọ̀ wọn lọ́jọ́ yìí, kò ní yàrá mọ́, kò ní ilé mọ́, kò sì ní iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ojúlówó ẹrù àtijọ́ wọ́n, ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí káfíńtà kan àga tuntun. Á fi omi eérú fọ̀ ọ́ kí àwọ̀ rẹ̀ lè ṣá, á da tíì tó ki sí i, á gbé e sójú èéfín, á fi ṣéènì na apá rẹ̀, á wá fi ìṣó tín-ín-rín lu ihò kéékèèké sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ó ní kí ìyàwó òun máa hun ìdí wọn kó dẹ̀ bí ohun tí wọ́n ti jókòó gbó. Ìyàwó kọ̀.

"Mo lè tún ohun tó ti gbó ṣe," ló sọ. "Mi ò lè bá yín mú ohun tuntun gbó."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá bí yóò ṣe lọ.

"Kì í ṣe ọjà nìkan ló ń bà jẹ́," Eyínmẹ́nugún ń bá a lọ. "Màámi, ẹ ò bi wá léèrè ìdí tí a ò fi pè yín wá síbí láti ọdún yìí wá? Òun ni. Ó ní ọjọ́ tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ ilé yìí ni òun máa kó jáde. Ó ní òun ò lè bá àjẹ́ gbé."

Onípàǹkẹ́rẹ́ gbé orí sókè. Wọ́n ti bú u rí, ṣùgbọ́n eléyìí gún un lọ́kàn. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ta ló ń bẹ̀ yín lójoojúmọ́ pé kí ẹ lọ mú Màámi wá? Ta ló kun yàrá ọwọ́ ọ̀tún dè wọ́n, tí ẹ wá lọ kó àga kún un? Ẹ sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ aago kan tí kò ṣiṣẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ iye tó lù.

"Ohun tí àbúrò mi sọ," ó ní, "bó ṣe rí nìyẹn."

Áà, ọkùnrin yìí! Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ ẹni, tó ń sùn lórí ibùsùn ẹni, òun ló ṣe ẹlẹ́rìí èké.

"Mo sọ fún un kó má fẹ́ ẹ," Eyínmẹ́nugún ní. "Ilé ọkọ kan ló ti ń bọ̀. Àlòkù ni."

"Eyínmẹ́nugún," ìyàwó dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́, "àlòkù ló ra bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ yín."

Màámi fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ó tó. Ìyàwó, ọmọ méjì ni mo bí, mi ò rò pé àwọn méjèèjì lè panu pọ̀ purọ́ mọ́ ọ. Àjẹ́ lo pè mí. Ó dáa, lọ di ẹrù..."

Ẹnìkan ń kan gíláàsì ojú ilẹ̀kùn.

"A ò tajà lónìí o," Eyínmẹ́nugún kígbe.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Màámi ti wọlé, wọn ò rántí ti ilẹ̀kùn náà. Obìnrin kan ṣí i, ó sì wọlé. Dókítà eyín ni, ilé ìtọ́jú rẹ̀ wà ní oríta. Àga àtijọ́ ló fẹ́ràn jù láyé. Irú wọn, bí wọ́n bá ti ní ẹyọ kan, oorun wọn kì í jinlẹ̀ mọ́ àfi tí wọ́n bá rí ìkejì rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìsinmi. Ẹ má bínú, mo ń kọjá lọ ni mo rí i láti ìta, ara mi ò sì gbà á. Ìkejì tèmi nìyẹn." Àga tó wà lábẹ́ Màámi ló nawọ́ sí. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dìde díẹ̀. A kì í ṣàdédé jókòó sórí ẹ̀. Àga olóògbé ni."

"Olóògbé wo?" Màámi bi í.

"Dókítà, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta," ọkọ ní kíá.

"Rárá, mi ò fẹ́ tún ọgbẹ́ yín dá. Ìyá tó bí wọn ni, Ìyá. Àbúrò wọn ló ṣàlàyé fún mi, tomijétomijé. Orí ọ̀kan tí mo rà ni ìyá wọn ti ń gbàdúrà ìrọ̀lẹ́ tó fi sùn lọ. Ìkejì rẹ̀ yìí ni bàbá wọn máa ń jókòó sí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun kan ṣoṣo ló rú mi lójú. Ọ̀rẹ́ mi náà ra àga níbí, ó ní orí tòun ni ìyá kú sí. A ti ń bá ara wa jiyàn."



"Kí ni wọ́n ní ó pa ìyá náà?" Màámi tún bi í.

"Wọ́n ní ọkàn ni."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," Màámi ní. "Ọkàn náà ni yóò pa á. Dókítà, ẹ wò mí dáadáa. Èmi ni mo bí àwọn méjèèjì."

Dókítà ya ẹnu bí ẹni tó jókòó sórí àga ìtọ́jú tirẹ̀.

"Màámi, ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni," Eyínmẹ́nugún ní. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ìtàn ni. A kàn..."

"Ẹ kàn pa mí. Ẹ pa mí lórí àga kan, kò tó yín, ẹ tún gbé mi lọ kú sórí òmíràn." Ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá. "Kì í ṣe ìyàwó ni kò fẹ́ kí n wá. Ẹ̀yin ni ẹ ò fẹ́ kí òkú yín pàdé oníbàárà. Ọjọ́ Àìkú lẹ wá pè mí."

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màámi, iṣẹ́ èṣù ni."

"Mi ò rí èṣù níbí, ìwọ ni mo rí." Ó yíjú sí ẹni tó kúnlẹ̀. "Ìyàwó, ṣé àga yìí dàgbà jù mí lọ?"

"Màámi, níjọ́ tí mo wọ ilé yín, igi rẹ̀ ṣì ń rú ewé nínú igbó."

Ìyá àgbà dìde, ó na ọwọ́, ó sì fa Onípàǹkẹ́rẹ́ sókè. "Dìde. Wọ́n ní kí n wá lé ọ jáde. Òkú kì í lé ìyàwó. Ohun tí à ń ṣe lẹ́yìn òkú ni pé kí a pín ogún rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì fẹ́ pín tèmi. Dókítà, ẹ má lọ, ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí mi. Ilé yìí, ṣọ́ọ̀bù iwájú àti yàrá ẹ̀yìn, ìyàwó mi ló ni ín láti òní lọ. Eyínmẹ́nugún, ẹnu rẹ ni ogún tìrẹ. Ó ti tà mí, á rí nǹkan mìíràn tà. Ìwọ ọmọkùnrin mi, gbogbo àga tí mo ti kú sí, ìwọ ni mo fún. Kó wọn kúrò nílé onílé."

"Ẹ fi tèmi kún un," Dókítà ní. "Mò ń dá a padà."

Ìròyìn náà ò pẹ́ kó tó kárí. Ẹni tó bá la ẹnu lọ́dọ̀ dókítà eyín kò lè fèsì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́. Eyínmẹ́nugún gba ṣọ́ọ̀bù sí àdúgbò mìíràn. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, oníbàárà á bi í pé, "Ta ló tún kú?" Kò pẹ́ tó fi kógbá sílé.

Lọ́jọ́ tí ọkọ wá kó àwọn àga náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. Ìyàwó ń rẹ pàǹkẹ́rẹ́ sómi, kò wẹ̀yìn. Láti inú yàrá ọwọ́ ọ̀tún, Màámi ń pe ìyàwó pé kó wá jẹun.

"Bá mi bẹ Màámi," ọkùnrin náà ní. "Bí o bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́. Tọkọtaya ṣì ni wá. Kí ni kí n máa sọ fáwọn èèyàn tí wọ́n bá ń béèrè ìyàwó mi?"

Onípàǹkẹ́rẹ́ fa pàǹkẹ́rẹ́ kan yọ, ó tẹ̀ ẹ́ wò, kò tíì rọ̀. Ó dá a padà sómi.

"Ẹ sọ fún wọn pé mo ti kú," ló dáhùn. "Kò lè ṣòro fún yín."